Ẹyẹ wíwò ní àárọ̀ ọdún: báwo ni mo ṣe lè ṣe é tí ilé kò fi ní dàrú?

Ọ̀rẹ́ Lékèlékè

Ẹ̀yin ará, mo kí yín, a kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ìyàwó tàbí ọkọ, tí òbí yín ṣì wà nílé, tí ẹ sì tún ní ohun kan tí ẹ máa ń ṣe níta gbangba fún ìgbádùn ara yín, yálà ẹja ni ẹ ń fi ìwọ̀ pa, tàbí òkè ni ẹ ń gùn, tàbí kẹ̀kẹ́ ni ẹ ń gùn kiri.

Tèmi ni ẹyẹ wíwò. Ọdún keje rèé tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe ní Èkó, inú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí ni mo sì ń jókòó sí láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ọ̀rẹ́ mi kan mú mi lọ sí ọgbà Lekki Conservation Centre, ó gbé awò tí a fi ń wo ohun tó jìnnà lé mi lójú, mo sì rí bí ẹ̀gà ṣe ń fa ewé ọ̀pẹ ya tín-ín-rín, tó ń fi ẹnu lásán hun ilé. Mo gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà náà ni mo ti ra awò tèmi.

Oṣù Kejìlá ni ìṣòro mi. Ilé wa wà ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, lọ́nà adágún omi Ìkéré Gorge, níbi tí wọ́n ti sé odò Ògùn. Ọdọọdún ni èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa mẹ́ta máa ń lọ sílé ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá, a kì í sì í padà sí Èkó títí di ọjọ́ 3 oṣù Kìn-ín-ní. Kò sí ìsinmi mìíràn tó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo ń rí gbà nínú ọdún, ìgbà náà gan-an ni ẹyẹ sì pọ̀ jù lọ lọ́dọ̀ wa. Àwọn ẹyẹ kéékèèké tó sá fún òtútù ilẹ̀ Yúróòpù, tí wọ́n fò kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà, ti wà nínú pápá wa láti nǹkan bí oṣù Kẹwàá, wọn yóò sì ti padà lọ kí òjò tó rọ̀ dáadáa. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ń fò wá fò lọ lókè omi. Lékèlékè ti bá ẹ̀ẹ̀rùn dé, wọ́n ń tẹ̀ lé màlúù kiri. Àwòdì náà ti sọ̀kalẹ̀ wá láti òkè Ọya. Bí mo bá ní kí n dúró di oṣù Kẹjọ kí n tó wá wò wọ́n, ewé ni n ó wò.

Ẹni tó bá mọ ẹyẹ mọ̀ pé àárọ̀ ni ẹyẹ ń sọ̀rọ̀. Bí oòrùn bá ti mú, wọn a wọ abẹ́ ewé lọ, wọn a dákẹ́, ẹni tó bá jáde ní aago méjìlá yóò sì kàn gbé awò kọ́rùn kiri bí ẹni tó gbé ìlẹ̀kẹ̀ kọ́ ni. Àárọ̀ náà ni ilé ọdún sì ń wá gbogbo ènìyàn.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ni ìpàdé ẹbí wa. Mo sọ fún ìyàwó mi ní alẹ́ tó ṣáájú pé n ó jáde ní aago márùn-ún ìdájí, n ó sì ti wọlé kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Mo dé etí omi, ọyẹ́ bo ibẹ̀ bí aṣọ, n kò rí nǹkan kan títí aago mẹ́jọ fi kọjá. Nígbà tí ojú ọjọ́ là díẹ̀, ẹyẹ ńlá kan já láti òkè bí òkúta, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ó bọ omi gbàmù, ó sì gbé ẹja jáde. Osprey ni, ẹyẹ apẹja tó máa ń wá lo ìgbà òtútù wọn lọ́dọ̀ wa; n kò rí i rí nítòsí ilé bàbá mi. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni yóò gbé kẹ̀kẹ́ padà sílé ní irú àkókò bẹ́ẹ̀?

Aago kan ti kọjá nígbà tí mo wọlé. Àlejò tó lé ní ọgbọ̀n ti jẹun tán. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti béèrè mi lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì ti sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ oko bàbá wa tán láìsí mi níjòókòó. Màmá mi wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní: "Ọmọ ẹlòmíràn ń bá ẹbí sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ọdún, tèmi ń bá ẹyẹ sọ ọ́." Ìyàwó mi kò sọ nǹkan kan. Ọjọ́ méjì gbáko ni kò fi sọ nǹkan kan.

Lọ́dún yìí, ó ti sọ fún mi láti oṣù Kọkànlá pé bí ó bá jẹ́ pé ẹyẹ ni mo fẹ́ lọ wò, kí n dá lọ, kí òun àti àwọn ọmọ lọ ṣe ọdún lọ́dọ̀ àwọn òbí òun ní Ìlọrin. N kò lè bá a jà, nítorí ó jàre. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ fi ẹyẹ sílẹ̀ pẹ̀lú, nítorí òwúrọ̀ mélòó kan wọ̀nyẹn ni mo fi ń rí okun ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà nínú irú rẹ̀ rí, báwo ni ẹ ṣe ṣe é?

Ìyàwó Ọdẹ

Ẹ kú ọdún o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá korò díẹ̀, ẹ̀yin lẹ ní kí a dá sí i. Ọmọ ọdẹ ni mí, ọdẹ ni mo sì fẹ́, nítorí náà mo mọ ohun tó ń jẹ́ kí ọkùnrin jáde kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ yín. Ẹ sọ ti oòrùn, ẹ sọ ti ọyẹ́, ẹ sọ ibi tí ẹyẹ ti fò wá àti aṣálẹ̀ tó là kọjá. Ẹ kò sọ ohun tí ìyàwó yín ṣe láti aago márùn-ún ìdájí títí di aago kan ọ̀sán, bóyá nítorí pé ẹ kò sí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ọ́. Ó ti jí ṣáájú yín. Ó ti gbé omi wíwẹ̀ àwọn àgbà kaná, ó ti kúnlẹ̀ kí ènìyàn tó tó mẹ́wàá kí ó tó fọwọ́ kan oúnjẹ, ó ti wẹ ọmọ mẹ́ta, ó sì ti ń wá èyí àbíkẹ́yìn tó sá lọ sí ilé kejì. Iṣu ọgbọ̀n ènìyàn kì í ṣe iṣu kékeré: kí a tó bó o, kí a tó sè é, kí a tó rí ẹni tó lápá tí yóò gún un, ọ̀sán ti pọ́n. Gbogbo ẹni tó bá sì gba ẹnu ọ̀nà wọlé ló ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Ọkọ rẹ dà?" Kí ni ẹ fẹ́ kí ó wí? Bí ó bá ní ẹ lọ wo ẹyẹ, wọn yóò rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú wọn. Bí ó bá ní òun kò mọ̀, wọn yóò ní irú ìyàwó wo ni kì í mọ ibi tí ọkọ rẹ̀ wà. Ẹ rántí pé ilé yín ni, kì í ṣe ilé tirẹ̀. Òun gan-an ni àlejò níbẹ̀, ẹ sì fi àlejò sílẹ̀ kí ó máa gba àlejò.

Bàbá mi a máa ṣọdẹ òru. A kì í retí wọn ní aago kan pàtó, nítorí wọn kì í dá aago fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá sì dé, ọ̀yà tàbí ìgalà ń bẹ léjìká wọn, ẹ sì mọ̀ pé ariwo kì í ga nílé tí ẹran bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀. Ẹ̀yin mú orúkọ ẹyẹ kan bọ̀ wálé. N kò sọ pé kò níyì, ṣùgbọ́n a kò lè gé e sínú ọbẹ̀.

Lójú tèmi, wákàtí mẹ́jọ tí ẹ lò kọ́ ló dun ìyàwó yín. Aago mẹ́sàn-án tí ẹ fi ẹnu ara yín dá ni. Ó ti gbé ètò rẹ̀ lé aago mẹ́sàn-án: ẹ ó bá a gbé àga síta, ẹ ó bá a ran ọmọ níṣẹ́, ẹ ó jókòó ti àwọn bàbá kí òun lè ráyè dáná. Bí ó bá jẹ́ pé aago kan ni ẹ sọ fún un, ìjà yóò ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ 25, yóò sì tán ní alẹ́ náà, nítorí yóò ti mọ̀ pé òun kò ní ẹnì kankan, yóò sì ti wá ènìyàn.

Ohun tí ọkọ mi máa ń ṣe nígbà tí a bá wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ni pé òun fúnra rẹ̀ ló máa ń lọ sọ fún wọn ní alẹ́ pé òun ń jáde, ìdí tí òun fi ń jáde, àti aago tí òun ń wọlé. Kì í rán mi. Bẹ́ẹ̀ ni kì í jáde kí ó tó rí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tí yóò gún iyán, yóò sì ti fún wọn lówó wọn. Ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò di ọmọ odó mú, kí ẹ tó wá ẹyẹ.

Ọmọ Ìbàdàn

N kò ní tún ohun tí Ìyàwó Ọdẹ sọ sọ. Apá ti ẹyẹ ni mo fẹ́ fọwọ́ kàn, nítorí mo rò pé wákàtí tí ẹ ń jà fún pọ̀ ju èyí tí ẹ nílò lọ.

Àkọ́kọ́, kí ni ẹ wá lọ ṣe ní aago márùn-ún? Nínú oṣù Kejìlá, oòrùn kì í yọ ní agbègbè Ìsẹ́yìn títí di nǹkan bí aago méje. Kò sí ohun tí ojú lè rí kí aago mẹ́fà ààbọ̀ tó kù díẹ̀. Wákàtí kan ó lé ni ẹ fi jókòó sínú òkùnkùn, tí ẹ̀fọn ń jẹ yín, tí ọyẹ́ sì ń fín yín létí, nígbà tí ẹ bá ti fi wákàtí náà pọn omi kún àmù ilé, tí gbogbo ènìyàn yóò sì rí i pé ẹ̀yin lẹ pọn ọ́n.

Èkejì, bí ẹ kò bá tíì máa fi àkọsílẹ̀ yín ránṣẹ́ sí Nigerian Bird Atlas Project, èyí tí ilé ìwádìí ẹyẹ APLORI ní Jos wà nídìí rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, nítorí ìlànà rẹ̀ bá ilé ọdún mu ju bí ẹ ṣe rò lọ. Wọ́n pín ilẹ̀ sí igun-igun, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 9 ní ìbú àti ní òró. Ó kéré tán, wákàtí 2 ni wọ́n ní kí ènìyàn fi wo ẹyẹ tọkàntọkàn ní igun tó bá yàn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹyẹ tuntun yòówù tí ó bá tún rí nínú igun náà, ó lè máa fi kún un títí ọjọ́ 5 yóò fi pé. Ẹ wo bí ó ti rí: ẹ lọ sétí omi ní òwúrọ̀ kan ṣoṣo, aago mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́jọ ààbọ̀, ó tán. Ọjọ́ mẹ́rin tó kù, abẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé yín ni ẹ ó jókòó sí, ẹ ó máa kí àlejò, ẹ ó máa jẹ ẹran, òdèrekókò yóò sì bà lórí ògiri, ológoṣẹ́ yóò yọjú lábẹ́ páànù. Bí wọ́n bá ń tú ìfun adìyẹ lẹ́yìnkùlé, ẹ gbójú sókè. Àwòdì mọ ọjọ́ ọdún ju ẹlòmíràn lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, láti nǹkan bí aago márùn-ún títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ẹyẹ a tún máa jáde, lékèlékè a sì máa fò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lọ sí ibi tí wọ́n ń sùn. Lórí àga yín ni ẹ ó ti kà wọ́n.

Ẹ̀kẹta, ẹ ya ohun tí oṣù Kejìlá nìkan ní sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó wà níbẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Ẹyẹ tó ti òkèèrè wá ni kò lè dúró dè yín. Ẹ̀gà, agbe, àparò àti òwìwí kò re ibì kankan. Mo mọ ẹnì kan tó ń kó ẹbí lọ sílé fún ọdún, tó yà sí igbó IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà níbí ní Ìbàdàn, torí ẹ̀gà Ìbàdàn, Malimbus ibadanensis, èyí tí onímọ̀ ẹyẹ kan tó ń jẹ́ Elgood kọ́kọ́ fi han ayé ìmọ̀ ní ọdún 1958, tí kò sì sí níbòmíràn lágbàáyé ju ìhà gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà lọ. Ẹyẹ pàtàkì ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ń bẹ nínú igbó náà nínú oṣù Kẹta, ó ń bẹ níbẹ̀ nínú oṣù Keje, àwọn ọmọ kéékèèké sì ń sunkún nínú ọkọ̀. Ó ní ohun tí a ń pè ní àìmọ ìgbà lò.

Ará Maryland

Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti Amẹ́ríkà ni mo ti ń kọ̀wé, ọ̀rọ̀ yìí sì bá mi níbi tó ń ro mí, nítorí níhìn-ín, ọdún Kérésìmesì gan-an ni ìgbà tí wọ́n ń ka ẹyẹ.

Christmas Bird Count ni wọ́n ń pè é. Ní ayé àtijọ́, àwọn ọkùnrin ibí a máa pín ara wọn sí ẹgbẹ́ lọ́jọ́ Kérésìmesì, wọn a gbé ìbọn wọ igbó, ẹgbẹ́ tó bá pa ẹyẹ àti ẹran jù lọ ni ó borí. Ní ọdún 1900, onímọ̀ ẹyẹ kan tó ń jẹ́ Frank Chapman dábàá pé kí wọ́n máa kà wọ́n dípò kí wọ́n máa pa wọ́n. Ènìyàn 27 péré ló jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n sì pín ara wọn sí ibi 25. Audubon, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹyẹ níbí, ló ń darí rẹ̀ báyìí, láti ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá sí ọjọ́ 5 oṣù Kìn-ín-ní, àdúgbò kọ̀ọ̀kan tó yí ká bí òbìrí, tí ó fẹ̀ ní nǹkan bíi kìlómítà 24, a sì máa yan ọjọ́ kan ṣoṣo tí gbogbo ènìyàn ibẹ̀ yóò jáde.

Ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn ni ó gbà mí. Nígbà tí mo ń jáde bí ó ti wù mí, gbogbo òwúrọ̀ Àbámẹ́ta ni ìyàwó mi ń fura sí. Nígbà tí ó di pé ọjọ́ náà ti wà lára kàlẹ́ńdà ilé ìdáná kí ọyẹ́ ibí tó bẹ̀rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń rán mi létí pé kí n wá ìbọ̀wọ́ mi.

N kò ní purọ́, ọdún àkọ́kọ́ kò dára. Wákàtí 6 ni ẹ̀yin ará ilé fi ṣáájú wa nígbà òtútù. Ìgbà tí mo wà nínú ẹrẹ̀ tí mo ń ka pẹ́pẹ́yẹ igbó ní aago méje àárọ̀, aago kan ọ̀sán ni ní Òṣogbo, ìyá mi sì ti kó gbogbo ọmọ-ọmọ jọ sídìí fóònù kí a lè jọ gbàdúrà ọdún. Fóònù mi wà nínú ọkọ̀. Wọ́n pè títí, wọ́n sì túká. Láti ìgbà náà, aago márùn-ún ìdájí ni mo máa ń pè wọ́n kí n tó wọ bàtà, ìyá mi sì ti mọ̀ pé lọ́jọ́ ẹyẹ, àdúrà tètè ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan tún wà. Ẹni tó bá ń gbé nínú òbìrí náà lè jókòó sílé kí ó máa ka ẹyẹ tó bá wá jẹun ní ẹ̀yìn fèrèsé rẹ̀. Ìyàwó mi kò fẹ́ràn òtútù rárá, ṣùgbọ́n lọ́dún kejì ó gba ìwé kan lọ́wọ́ mi, ó ń din dòdò, ó sì ń kọ iye ẹyẹ pupa tí wọ́n ń pè ní Cardinal tó bà síta. Ẹ mú ìyàwó àti àwọn ọmọ mọ́ra. Bí àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bá yín lọ sétí omi, ọ̀rọ̀ yóò tán.

Ìyàwó Ọdẹ

Ẹ̀yin Ará Maryland, ẹ gbà mí láyè díẹ̀. Obìnrin ń din dòdò, ẹ tún fún un ní ìwé kí ó máa ka ẹyẹ. Iṣẹ́ méjì ni, ẹ wá pè é ní eré. Ta ni ó bá a din dòdò nígbà tí Cardinal bà?

Ará Maryland

Ẹ mú mi. Lọ́dún yẹn, kò sí ẹni tó bá a din ín. N ó din ín lọ́dún yìí.

Bàbá Olùkọ́

Ọmọ mi Ọ̀rẹ́ Lékèlékè, mo kí ọ. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo sì ń gbé ní Òkè-Ògùn níbí, nítorí náà ibi tí o ń sọ kò ṣàjèjì sí mi.

Gbogbo wọn ti sọ ti ìyàwó, wọ́n sì sọ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ kan kọjá. Ìwọ fúnra rẹ kọ ọ́ pé wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ oko bàbá yín tán láìsí ọ níjòókòó, o sì kọ ọ́ bí ìgbà tí ènìyàn sọ pé òjò rọ̀. Ìjókòó ọjọ́ 26 kì í ṣe ìjókòó ẹran àti ẹmu nìkan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rántí ààlà, ibẹ̀ ni àgbàlagbà kan ti ń sọ igi tí bàbá yín gbìn sí ìpẹ̀kun oko, bí àgbàlagbà náà bá sì lọ, igi ni igi yóò máa jẹ́. Ọmọ tí kò sí níbẹ̀ yóò máa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn ni. Má ṣe dá ọjọ́ náà sí méjì. Má ṣe sọ pé wákàtí 2 péré ni. Jẹ́ kí ẹyẹ ní ọjọ́ tirẹ̀, kí ẹbí sì ní tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì tó ń kọ mí lóminú ni pé ìwọ nìkan ni o dá lọ sétí omi ní ìdájí. Ní àkókò náà, ọdẹ ń ti igbó bọ̀, ìbọn wọn kì í sì í ṣófo. Ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, tó dọ̀bálẹ̀ sínú koríko, tó gbé ohun dúdú kan sójú, tó ń wo òdìkejì omi: báwo ni o ṣe fẹ́ kí darandaran tàbí àgbẹ̀ tó bá rí i rò ó? Ayé ti yí padà ju ti ìgbà èwe rẹ lọ. Ní ọjọ́ kejì tí o bá dé, lọ kí Baálẹ̀ ibẹ̀, fi awò náà hàn wọ́n, jẹ́ kí wọ́n fi wo nǹkan. Wá apẹja kan tí yóò bá ọ rìn, kí o sì fún un ní owó iṣẹ́ rẹ̀. Yóò tún mọ ibi tí ẹyẹ ń sùn jù ọ́ lọ, má jẹ́ kí ìyẹn dùn ọ́.

Ní ti àwọn ọmọ, n kò fara mọ́ ohun tí ará Amẹ́ríkà wí. Ọmọ mẹ́ta, àgbà kan, adágún omi tó jìn, àti àgbà tí ojú rẹ̀ wà lókè: rárá o. Mú wọn lọ sí pápá ìtòsí ilé ní ìrọ̀lẹ́, níbi tí màlúù ń jẹko. Nígbà tí a wà ní kékeré, bí a bá rí lékèlékè tó ń kọjá, a ó na ìka wa sókè, a ó máa bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún wa ní èékánná funfun. Ọmọ Èkó kì í mọ èyí mọ́. Kọ́ wọn.

Ọ̀rẹ́ Lékèlékè

Ẹ ṣé, ẹ kú àkókò. Ó pẹ́ kí n tó padà wá nítorí pé mo ka gbogbo rẹ̀ sí ìyàwó mi létí ní alẹ́ ànánà, àti ìbéèrè tèmi àti ìdáhùn yín. Nígbà tí mo dé ibi "ẹ fi àlejò sílẹ̀ kí ó máa gba àlejò," ó ní kí n dúró, kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó béèrè bóyá òun lè rí Ìyàwó Ọdẹ bá sọ̀rọ̀.

Ní ti aago márùn-ún ìdájí, Ọmọ Ìbàdàn, n kò ní àwíjàre. Mo rò pé bí mo bá ti tètè jáde ni mo ti ṣe iṣẹ́ ọkùnrin.

Ibi tí a fàbọ̀ sí ni pé ọjọ́ 24 ni n ó lọ kí Baálẹ̀, n ó sì wá apẹja. Ọjọ́ 28 àti ọjọ́ 30 ni ti ẹyẹ, aago mẹ́fà ni n ó jáde nílé, n ó sì wọlé ní aago mẹ́sàn-án. Ọjọ́ 26, n kò ní gbé awò jáde nínú àpótí rárá. Mo ti pe àbúrò mi kan sórí fóònù lórí ọ̀rọ̀ iyán, ó ti bá mi rí ọmọkùnrin méjì, mo sì ti fi owó wọn ránṣẹ́. Màmá mi pẹ̀lú ti gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá béèrè bóyá ẹyẹ tó gbé ẹja lọ́jọ́sí tóbi tó àṣá.

Ìyàwó mi ní tirẹ̀ tó fi kún un. Ní ọjọ́ 29, òun yóò lọ sí Ìsẹ́yìn lọ wo aṣọ òkè fún ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀, láti òwúrọ̀ títí di ìgbà tó bá wu òun, èmi ni n ó wẹ àwọn ọmọ, èmi ni n ó bọ́ wọn, bí ẹnikẹ́ni bá sì béèrè pé, "Ìyàwó rẹ dà?" kí n wá èsì tí n ó fún wọn. Ó tún ní kí n kọ ọ́ síbí, kí gbogbo yín lè ṣe ẹlẹ́rìí, pé aago ara ògiri màmá mi ni a ó fi mọ aago mẹ́sàn-án, kì í ṣe aago ọwọ́ mi.